Orí Kẹfà: Ṣọkọ Tí A Jẹ́ Kó Tanná

Lára ẹrù tí àwọn ènìyàn wa máa ń kó bọ̀ láti Ìlú Ọba, páálí pẹlẹbẹ kan máa ń wà nígbà mìíràn tí wọ́n ya òdòdó sí lójú: aláwọ̀ àlùkò, olómi osùn, funfun báláú. Sweet pea ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó gbé e wá á ní òórùn rẹ̀ dùn ju lọ́fínńdà lọ, òótọ́ ló sì sọ. Wọ́n á gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé ní Òkókómaíkò tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ilé nínú ẹ́síteètì Ìbà, ní agbègbè Ọ̀jọ́ ní Èkó. Yóò hù. Bóyá yóò ga dé orókún. Lẹ́yìn náà ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ìsàlẹ̀, igi rẹ̀ á gbẹ, ìtànná kan kò ní yọ. Ẹni tó gbìn ín á wá gbà pé òun kò lọ́wọ́ ọ̀gbìn, tàbí pé ilẹ̀ Ọ̀jọ́ kò gba òdòdó. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Ohun tó pa á ni a fẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà a ó wá sórí òdòdó kan tó ti wà nínú ilẹ̀ yìí láti ìgbà pípẹ́, tí a kì í jẹ́ kó dàgbà dé ibi tí yóò ti tanná.

Erékùṣù Sísílì ní gúúsù Ítálì ni ilé sweet pea. Francesco Cupani, àlùfáà tó tún jẹ́ onímọ̀ ewéko, kọ nípa rẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ìtàn sọ pé ní 1699 ni ó fi hóró rẹ̀ ránṣẹ́ sí Robert Uvedale, olùkọ́ kan ní Enfield nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Òdòdó rẹ̀ kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Ó lé ní àádọ́jọ ọdún kí Henry Eckford, olùtọ́jú ọgbà tó ṣiṣẹ́ ní Wem, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba irú kan mọ́ irú mìíràn títí òdòdó náà fi tóbi. Ní 1901, Silas Cole, tó ń tọ́jú ọgbà ìdílé Spencer ní Althorp, gbé èyí tí etí ìtànná rẹ̀ rí jọwọlọ jáde, irú ìyẹn ni gbogbo ayé sì fẹ́ràn títí dòní. Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí ni pé láti ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún wá, àwọn ará ilẹ̀ olótùútù ló ń yan hóró yẹn, àwọn ló ń pa á mọ́. Kò sẹ́ni tó yàn án nítorí ooru.

Ní Sísílì, ìgbà òtútù ni òjò ń rọ̀. Ìgbà ooru ni ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Gbogbo ìgbésí ayé sweet pea tẹ̀ lé èyí. Hóró á dúró sínú ilẹ̀ nínú èèpo líle tí omi kì í tètè wọ̀. Bí òjò ìgbà ìwọ́wé bá rọ èèpo náà, á hù, á fi gbogbo oṣù òtútù ta gbòǹgbò, á tanná nígbà tí ọjọ́ bá ń gùn, á so, á sì kú kí ooru tó mú. Ó fẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ tútù. Ní Ọ̀jọ́, òru gan-an kì í sábà tutù ju 22°C lọ, ọ̀sán sì máa ń kọjá 30°C ní ọ̀pọ̀ oṣù ọdún.

Àwọn ènìyàn rò pé oòrùn ọ̀sán ló ń pa òdòdó ilẹ̀ olótùútù, ṣùgbọ́n ooru òru ló burú jù. Lójú ọ̀sán, ewé ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ṣúgà. Lóru, kò rí ṣúgà tuntun ṣe, síbẹ̀ ó ń mí, èémí náà sì ń jó lára ṣúgà tó ti tọ́jú. Bí òru bá ṣe ń móoru tó ni jíjó náà ń yára tó. Ewéko tí a bí sí òru tútù kò ní agbára láti san gbèsè yìí lálaalẹ́: ohun tó ṣe lọ́sàn-án ni ó ń ná tán kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì sí èyí tó ṣẹ́kù tí yóò fi ṣe òdòdó.

Ohun kejì ni gígùn ọjọ́. Ọ̀pọ̀ ewéko ni ó mọ iye wákàtí tí òkùnkùn fi wà, èyí ni wọ́n sì fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n rudi. Ọ̀pọ̀ irú sweet pea ń dúró de ọjọ́ gígùn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ojúmọmọ oṣù Kẹfà máa ń lé ní wákàtí mẹ́rìndínlógún. Ní Èkó, ojúmọmọ tó gùn jù lọ nínú ọdún kò ju nǹkan bíi wákàtí méjìlá ààbọ̀ lọ, èyí tó kúrú jù lọ sì jẹ́ nǹkan bíi wákàtí mọ́kànlá àti ogójì ìṣẹ́jú. Àmì tí irú sweet pea bẹ́ẹ̀ ń wọ̀nà fún kò ní dé láéláé.

Bí ọkàn yín bá ṣì wà lọ́dọ̀ sweet pea, Jos ni kí ẹ ronú kàn, kì í ṣe Ọ̀jọ́. Òkè Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà sí ojú òkun, òru oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní ibẹ̀ sì tutù dáadáa. Irú gíga ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ran Kenya lọ́wọ́: agbègbè adágún Naivasha, níbi tí rósì tí wọ́n ń kó lọ sí Netherlands ti ń wá, ga tó nǹkan bí 1,900 mítà. Ìkìlọ̀ kan sì rèé fún ẹni tó bá ní hóró sweet pea nílé. Ó jọ ẹ̀wà, ìdílé ẹ̀wà ló sì ti wá, ṣùgbọ́n májèlé wà nínú rẹ̀. Èròjà kan nínú hóró sweet pea kì í jẹ́ kí okùn tó so egungun àti iṣan ara pọ̀ le bó ṣe yẹ. Ẹ má sè é, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré.

Òdòdó tó wà lábẹ́ imú wa

Ẹni tó bá gba títì Àgbádárìgì kọjá, láti apá bárékè Ọ̀jọ́ dé Ìyànà-Ìbà, tàbí tó yà sí àyíká LASU, yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, yóò rí ebè ẹ̀fọ́ lórí ilẹ̀ tí ẹnì kan kò tíì kọ́lé sí. Tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ewédú wà níbẹ̀. Èyí tí ewé rẹ̀ gùn ṣọnṣọ, tí òmíràn nínú rẹ̀ ní àbàwọ́n aláwọ̀ àlùkò láàárín ewé, ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀ ni. Àwọn àgbẹ̀ ń bu ìgbẹ́ adìyẹ sí i, wọ́n ń pọn omi láti inú kànga tí kò jìn, nítorí omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀ lágbègbè yìí, wọ́n ń wọ́n ọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kó tó pé oṣù kan ààbọ̀, wọ́n ti fà á tà.

Celosia argentea ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ṣọkọ. Ní Amẹ́ríkà, ní Netherlands àti ní Japan, àwọn tó ń gbin òdòdó fún títà mọ ewéko yìí dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kì í sè é jẹ. Wọ́n ń gbìn ín, wọ́n ń jẹ́ kó dàgbà, wọ́n ń gé òdòdó rẹ̀ ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀, wọ́n ń tà á fún ìgbéyàwó àti fún tábìlì oúnjẹ. Àwọn olùgbìn Japan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n sì mú oríṣi tó ní ọ̀pá gígùn tó le jáde. A fà á tu lọ́mọdé nítorí ewé, àwọn sì dúró dè é nítorí orí.

Oríṣi orí mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èyí tó sún mọ́ ṣọkọ ọbẹ̀ wa jù lọ ni èyí tí orí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tó dúró ṣánṣán, tí àwọ̀ rẹ̀ ń ti olómi osùn bọ́ sí funfun bó ṣe ń dàgbà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Èkejì rí fùkẹ̀fùkẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ní ogbe bíi ti àkùkọ, tó kákò, tó fẹ̀, tí ọwọ́ bá kàn án tó dà bí àrán. Bí ogbe yìí ṣe ń ṣẹlẹ̀ yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Ní orí gbogbo ewéko, ojú kan wà tí kò tó orí abẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni ewé tuntun àti òdòdó ti ń jáde. Nínú ṣọkọ ológbe, ojú kan náà kì í dúró ní rìbìtì. Ó ń fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ó fi di ìlà gígùn. Nígbà tí ìlà náà bá gùn ju ibi tó wà lọ, ó di dandan kó ká ara rẹ̀. Ìyípadà yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ń ti inú hóró lọ sọ́dọ̀ ọmọ.

Ohun mìíràn wà tó mú kí n nífẹ̀ẹ́ ewéko yìí, àwọ̀ rẹ̀ ni. Èròjà tó ń fún sweet pea ní àwọ̀ àlùkò ni èyí tó wà nínú ìṣápá tí a fi ń ṣe zobo. Bí ẹ bá bu káún díẹ̀ sínú omi ìṣápá, pupa rẹ̀ á kúrò, á bọ́ sí búlúù tàbí àwọ̀ ewé. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, pupa á padà. Àwọ̀ ṣọkọ kò sí nínú ẹbí yẹn rárá. Betalain ni èròjà tirẹ̀, òun náà ló wà nínú tẹ̀tẹ̀ pupa, nínú tannáposó, nínú beetroot, àti nínú bougainvillea tó bo ọ̀pọ̀ ògiri ní Èkó. A kò tíì rí ewéko kan tó ń ṣe méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá to ṣọkọ pupa ti òdòdó pupa mìíràn, ẹ ó rí i pé pupa tirẹ̀ ní iná nínú, kò sì tètè ṣá.

Ṣọkọ kò sì ń retí ọjọ́ gígùn. Bí ojúmọmọ bá ń kúrú ni ó ń yára rudi. Àwọn àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ mọ èyí, wọn ò sì fẹ́ràn rẹ̀: ṣọkọ tí a gbìn ní ìparí ọdún máa ń tètè rudi, ewé rẹ̀ á le, àwọn ìyá ọlọ́jà á sì yọwọ́. Ìpàdánù alẹ́fọ̀ọ́ yìí gan-an ni èrè olódòdó. Òru gbígbóná tó ń pa sweet pea, inú ooru irú rẹ̀ ni a bí ṣọkọ sí.

Láti hóró dé orí ọ̀pá

Ẹ jẹ́ kí a gba oṣù Kejìlá bí ìgbà tí a fẹ́ gé e, nítorí ìgbà náà ni ìgbéyàwó, ìdúpẹ́ àti ayẹyẹ ìparí ọdún ń wọ́ tẹ̀ lé ara wọn. Láti ọjọ́ tí hóró bọ́ sílẹ̀ di ìgbà tí orí yóò tó gé, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá ni. Ìlàjì kejì oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ gbin èyí àkọ́kọ́, kí ẹ sì tún gbin díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí gbogbo rẹ̀ má baà tanná lọ́jọ́ kan náà. Òjò oṣù Kẹwàá á bá yín bomi rin ín nígbà èwe rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn á ti dé kí orí rẹ̀ tó là. Ìṣirò yìí ṣe pàtàkì fún ológbe jù, torí pé omi òjò máa ń dúró sínú ìkákò ogbe náà, á sì jẹrà láti inú. Ẹ má fi ti oṣù Kẹfà dán an wò, àfi bí ẹ bá ní ìbòrí.

Hóró rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó sì kéré débi pé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ni yóò wọn gíráàmù kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù nìyí. Hóró tó kéré báyìí kò ní oúnjẹ púpọ̀ nínú, kò lè ti iyẹ̀pẹ̀ púpọ̀ kó tó rí ìmọ́lẹ̀. Ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ẹ lè fọ́n ọn káàkiri dọ́gba, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ ku iyẹ̀pẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lé e, kò gbọdọ̀ ju bí ìyókù iyọ̀ lórí ẹja lọ. Ẹ má da omi lé e lórí. Ẹ wọ́n ọn pẹ̀lú ohun tí ojú ihò rẹ̀ kéré, tàbí kí ẹ gbé abọ́ tí ẹ gbìn ín sí ka inú omi kí ó fa omi láti ìsàlẹ̀. Nínú ooru wa, ọjọ́ mẹ́rin sí méje ni yóò hù. Kò sí pé a ń rẹ hóró sómi mọ́jú tàbí pé a ń fi abẹ ha èèpo rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún sweet pea.

Ewu àkọ́kọ́ ni kí ọmọ irúgbìn ṣubú lulẹ̀ lójijì, ìdí rẹ̀ á ti rà, bí ẹni pé wọ́n fi okùn fún un lọ́rùn. Olu kan tó fẹ́ràn ilẹ̀ tó rin gbingbin ló ń ṣe èyí. Ẹ gbìn ín fẹ́ẹ́rẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn kọjá, ẹ sì bomi rin ín láàárọ̀ dípò alẹ́.

Nígbà tí ewé gidi mẹ́rin bá yọ, ẹ tú u gbìn sí ebè. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nínú abọ́ kékeré. Ṣọkọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há máa ń rò pé òpin ayé dé, á rudi ní kékeré, orí rẹ̀ kò sì ní ju àtàǹpàkò lọ. Ẹ fi ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sáàárín igi kan àti èkejì. Bó bá jẹ́ ológbe tí ẹ fẹ́ kó ní ọ̀pá kan ṣoṣo, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó, nítorí ìsúnmọ́ra á mú ọ̀pá gùn, orí kò sì ní tóbi ju èyí tí ọwọ́ lè gbé.

Ilẹ̀ Ọ̀jọ́ àti Ìbà, iyanrìn etí òkun ló pọ̀ níbẹ̀. Iyanrìn dára fún gbòǹgbò nítorí omi kì í dúró sí i, ṣùgbọ́n oúnjẹ kì í dúró sí i náà: òjò kan tó lágbára ti fọ̀ ọ́ lọ. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa ni oògùn rẹ̀. Èyí tó ṣì tutù, tó ṣì ń ta imú, á jó gbòǹgbò. Níbí ni olódòdó àti alẹ́fọ̀ọ́ ti yà. Alẹ́fọ̀ọ́ ń fẹ́ ewé títóbi tó tutù yọ̀yọ̀, nítorí náà ó ń bu ìgbẹ́ púpọ̀, nitrogen inú rẹ̀ sì ń sọ gbogbo ara ewéko di ewé. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún òdòdó, ọ̀pá á rọ̀, á tẹ̀, orí á pẹ́ kó tó wá. Ẹ fún un ní ìdajì ohun tí alẹ́fọ̀ọ́ ń fún un, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ ń ṣe ebè, kí ẹ bu eérú díẹ̀ sí i, nítorí potassium inú eérú ń ran ọ̀pá lọ́wọ́ láti le.

Ọ̀tá tó le jù lọ wà nísàlẹ̀. Aràn tín-ín-tín kan tí ojú kò lè rí máa ń wọ inú gbòǹgbò ṣọkọ, á sọ ọ́ di kókó kókó, omi kò sì ní lè gòkè mọ́. Ewéko á máa rọ lọ́sàn-án bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ rin. Ṣọkọ wà lára àwọn tó ń jìyà aràn yìí jù lọ, iyanrìn sì ni aràn náà fẹ́ràn. Ẹ fa ọ̀kan tu kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀ kí ẹ tó dá oògùn kankan lẹ́bi tàbí kí ẹ tó rà á. Ebè tí ẹ ti gbin ṣọkọ, ilá tàbí tòmátì sí ní ìgbà tó kọjá, ẹ má gbin ṣọkọ sí i tẹ̀ lé e. Ẹ gbin marigold síbẹ̀: èròjà tó wà nínú gbòǹgbò rẹ̀ ń pa aràn náà, òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè sì ṣeé gé tà. Ẹ máa retí tata nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọwọ́ ni ẹ ó fi ṣà wọ́n ní òwúrọ̀ nígbà tí ara wọn kò tíì yá.

Nígbà tí igi bá ga tó ogún sẹ̀ǹtímítà, ẹ já orí rẹ̀. Ó ń dun ènìyàn láti ṣe é, mo mọ̀. Orí igi ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní auxin ti ń ṣàn wálẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti sọ fún àwọn ojú ẹ̀ka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí wọ́n máa sùn lọ. Bí ẹ bá mú orí kúrò, àwọn ojú náà á jí, ọ̀pá mẹ́rin tàbí márùn-ún á sì rọ́pò ọ̀kan. Àwọn tó ń gbin sweet pea ní Ìlú Ọba ń já tiwọn bákan náà, àwọn alẹ́fọ̀ọ́ wa tó ń gé ṣọkọ lórí dípò kí wọ́n fà á tu sì ti mọ̀ pé yóò tún hu. Ti ológbe nìkan ni kí ẹ má ṣe já, nítorí ogbe ńlá tó wà ní orí àkọ́kọ́ ni ẹ ń wá.

Gígé

Kùtùkùtù ni kí ẹ gé òdòdó, kí oòrùn tó mú omi kúrò lára rẹ̀. Ṣọkọ kì í dàgbà púpọ̀ mọ́ lẹ́yìn tí a bá gé e; bí ó ṣe wà lórí ebè ni yóò ṣe wà nínú ìkòkò. Nítorí náà ẹ dúró kí àwọ̀ rẹ̀ kún, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ débi tí hóró dúdú á ti máa já bọ́ láti ìsàlẹ̀ orí. Ẹ lo ọ̀bẹ mímú. Ẹ re gbogbo ewé kúrò, kí ó ku ẹyọ kan tàbí méjì lókè, nítorí ewé rẹ̀ máa ń rọ ṣáájú òdòdó, á sì máa mú kí ẹni tó rà á rò pé gbogbo rẹ̀ ti kú.

Ohun tó ń pa òdòdó nínú ìkòkò, omi dídọ̀tí ni lọ́pọ̀ ìgbà. Inú ọ̀pá ni òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi ń gbà gòkè wà. Bí a bá gé e tí a sì jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ á wọlé, á dí ọ̀nà. Bí omi bá dọ̀tí, kòkòrò àìrí á pọ̀ sí i nínú ooru wa láàárín wákàtí mélòó kan, àwọn náà á dí ọ̀nà. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti ní omi nínú lọ sórí ebè, kí ọ̀pá tí ẹ gé lè wọ omi lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì náà bí ẹni fẹ́ bu omi mu níbẹ̀. Hypo tí kò ju ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì kan lọ nínú lítà omi kan tó láti dá kòkòrò àìrí dúró. Ẹ pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́, kí ẹ sì tún ẹsẹ̀ ọ̀pá gé díẹ̀. Bí ẹ bá ṣe báyìí, ṣọkọ á dúró fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, á sì lè dé méjì.

Èyí tún jẹ́ ibi tí ó ti borí sweet pea. Sweet pea máa ń jìyà lọ́wọ́ ethylene, afẹ́fẹ́ tí èso tó ń pọ́n ń tú jáde. Bí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, kì í pẹ́ tí á fi ṣá. Ṣọkọ kò ní ìṣòro yẹn tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò bá tà, ẹ re gbogbo ewé rẹ̀, ẹ so ó kọ́ dorí kodò níbi tó ṣókùnkùn tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí; á gbẹ pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀, á sì wúlò fún ọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Ọyẹ́ dára gan-an fún iṣẹ́ yìí.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ilẹ̀ ẹ̀bá títì, nítorí ó ń jẹ mí lọ́kàn. Ní 2003, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde lórí cadmium, bàbà àti nickel nínú ewébẹ̀ tí wọ́n kó láti agbègbè ilé-iṣẹ́ àti agbègbè ibùgbé ní Èkó. Irú irin bẹ́ẹ̀ ń ti inú èéfín, eruku táyà àti omi ìdọ̀tí bọ́ sílẹ̀, ewébẹ̀ tó ní ewé fífẹ̀ sì máa ń gbà wọ́n sára. Títì Àgbádárìgì kì í sinmi lọ́sàn-án lóru. Àgbẹ̀ tí ebè rẹ̀ wà ní bèbè ọ̀nà kò ní ibòmíràn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ lé e kúrò nídìí oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìlà ebè tó sún mọ́ ọkọ̀ jù lọ bá di ti òdòdó, tí ti ẹ̀fọ́ sì wọ inú lọ, àgbẹ̀ kan náà ni, omi kan náà, hóró tó jọra, cadmium tó ń dé inú ọbẹ̀ yóò sì dínkù. Mo gbà pé àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ní LASU àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lè fi èyí dánra wò láìná owó púpọ̀.

Ọjà rẹ̀ kò jìnnà. Ọjọ́ Sátidé ni ìgbéyàwó, ọjọ́ Àìkú ni tábìlì pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà ìkẹ́kọ̀ọ́yege sì ni ìyá àti bàbá ń wá ohun tí wọn yóò gbé lé ọmọ lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Òdòdó oníke ló kún ọwọ́ wọn báyìí. Ẹ gé tiyín ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí ó mu omi di ọjọ́ kejì. Ẹ fi ọ̀pá pupa márùn-ún ti olómi osùn márùn-ún, kí ẹ fi ewé fẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká. Zinnia náà lè bá a rìn: òun náà fẹ́ràn ooru, hóró rẹ̀ tóbi tó láti fọwọ́ gbìn sí ibi tí yóò dúró sí. Kí ẹ tó gé e, ẹ di ọ̀pá mú nísàlẹ̀ orí kí ẹ mì í. Bí ó bá ń jó, kò tíì gbó, bí ó bá dúró gbọin, ẹ gé e. Tannáposó ní tirẹ̀ lẹ́wà lójú alẹ́, ṣùgbọ́n kò ní dúró nínú ìkòkò. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ máa fi orí méjì tàbí mẹ́ta tó dára jù lọ sílẹ̀ láìgé lórí ebè kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi aṣọ pupa so wọ́n kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀bẹ kàn wọ́n. Nígbà tí ìsàlẹ̀ orí náà bá di aláwọ̀ eésú, ẹ gé e, ẹ dà á dojú kọ inú àpò bébà, ẹ gbọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá gbin oríṣi méjì, ẹ yà wọ́n jìnnà síra, nítorí kòkòrò lè gbé lẹ́búlẹ́bú ọ̀kan sórí èkejì, ọmọ wọn á sì dà rú. Hóró tí wọ́n bá kọ F1 sí lára páálí rẹ̀ kò ní bí ọmọ tó jọ ọ́, nítorí náà ẹni tó fẹ́ máa tọ́jú hóró ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fẹ́ ìyàngbò kúrò, ẹ sá hóró sí ibòji fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ rọ ọ́ sínú ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí, kí ẹ sì kọ oṣù àti ọdún sí i lára. Ọ̀rinrin Èkó ló ń pa hóró ju ọjọ́ orí lọ: ẹyọ ìrẹsì yíyan díẹ̀ nínú ìgò náà á fa ọ̀rinrin, hóró á sì wà láàyè títí di oṣù Kẹsàn-án tó ń bọ̀.